Ṣé omi inú ọ̀rá yìí pé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wọn omi inú ọ̀rá 16 tí wọ́n kọ 50 cl sí lára. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 49.2, standard deviation wọn (bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe sábà máa ń yàtọ̀ sí ìpíndọ́gba tó) 1.6. Olùkọ́ wa ní n kò tíì lè sọ pé omi náà kò pé. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, inú mi dùn pé ọwọ́ ara rẹ lo fi wọ̀n ọ́n. Kọ́kọ́ gbà pé 50 ni, bí adájọ́ ṣe ń gbà pé olùjẹ́jọ́ kò jẹ̀bi títí ẹ̀rí yóò fi dé. Omi rẹ fi 0.8 dín. Pín 1.6 sí ọ̀nà 4, nítorí ọ̀rá 16 lo wọ̀n, 4 lọ́nà 4 sì ni 16: 0.4, ìyẹn bí ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀ ṣe sábà máa ń yẹ̀ tó. Ìlọ́po méjì 0.4 ni 0.8, nítorí náà t rẹ, ìyẹn iye ìlọ́po 0.4 tí omi rẹ fi yàtọ̀ sí 50, jẹ́ -2 (àmì - ni pé ó dín). Nínú tábìlì t, ní ìlà 15 (16 dín 1), ààlà ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 2.131: bí 50 bá jẹ́ òótọ́, ìgbà 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni t máa ń kọjá rẹ̀, yálà omi dín tàbí ó lé. O kò dé ibẹ̀.

Ká ní o ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bóyá ó dín nìkan lo ń wá, ààlà ìbá jẹ́ 1.753, ìwọ ìbá sì ti kọjá rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ ni mo wí o! Ẹni tó rí èsì tán kó tó yan ààlà ti fọwọ́ kan òṣùwọ̀n.

Má sì kọ ọ́ pé omi náà pé. Ẹ̀rí ọ̀rá 16 ni kò tíì tó. Lọ wọn 40 mìíràn.