Báwo ni mo ṣe lè mú kí etí fọ́tò rí bí ìwé tí a fọwọ́ fà ya?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Èmi ni mo ya màmá mi àti ẹgbẹ́ wọn ní Ojúde Ọba. Léèsì funfun ni wọ́n wọ̀, gèlè wọn pupa. Mo fẹ́ kó fọ́tò wọn sínú álíbọ́ọ̀mù, kí etí rẹ̀ rí bí ìwé tí a fọwọ́ fà ya. Mo fi eraser Photoshop ṣe é, àmọ́ ńṣe ló rí bí ohun tí eku jẹ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Bá mi kí màmá, ẹ̀mí wọn á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyọ̀.

Kí o tó padà sídìí kọ̀ǹpútà, wá ojú-ewé magasíìnì kan tó ń dán, fà á ya, kí o sì wo etí rẹ̀ dáadáa. Òkè nìkan ni àwọ̀ wà. Inú ìwé funfun ni. Níbi tó ti ya, funfun yẹn á yọ síta: ó fẹ̀ níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn, ibòmíì kò tilẹ̀ sí rárá. Ohun tí iṣẹ́ rẹ kò ní nìyẹn.

Fi eraser sílẹ̀. Layer Mask ló tọ́, torí ńṣe ló ń bo ibi tí a kò fẹ́, o sì lè ṣí i padà nígbàkigbà. Kọ́kọ́ tẹ Background lẹ́ẹ̀mejì kó lè di léyà, ìyẹn ìpele kan tí a lè gbé lé orí òmíràn tàbí sábẹ́ rẹ̀. Mú Lasso, irinṣẹ́ tí a fi ń fọwọ́ fa ìlà yí ibi tí a fẹ́ yàn ká, fà á gba inú fọ́tò, bí 60 pixel (àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó di fọ́tò) sí etí, kí ọwọ́ rẹ máa gbọ̀n, má fà á gún. Tẹ Add Layer Mask. Kí o tó kúrò lórí mask yẹn, lọ sí Filter, Pixelate, Crystallize, tó máa sọ etí náà di kángunkàngun. Fún fọ́tò tó fẹ̀ tó 3000 pixel, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 10, kí o máa wò bó ṣe ń rí.

Ó wá ku funfun. Di Ctrl mú, tẹ mask náà, ìlà ibi tí o yàn yóò tún hàn. Lọ sí Select, Modify, Expand, kọ 15 síbẹ̀. Láti inú Layer, New Fill Layer, mú Solid Color, yan funfun, kí o fa léyà náà sábẹ́ ti fọ́tò. Crystallize mask tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n má lo iye kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á fi funfun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á sì fẹ̀ dọ́gba yíká bíi férémù. Ìwé kì í ya báyẹn. Fi Move sún un díẹ̀ sísàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o wá fi brush dúdú bò ó níbì kọ̀ọ̀kan lórí mask rẹ̀.

Ṣọ́ra fún léèsì àwọn màmá o. Bí etí funfun bá kan aṣọ funfun, ojú kò ní mọ ibi tí aṣọ parí sí. Yí funfun etí náà sí àwọ̀ mílíìkì, fi Drop Shadow (òjìji) tí kò le sí i, kí ojú-ewé álíbọ́ọ̀mù sì jẹ́ aláwọ̀ eérú. Má fa etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya pẹ̀lú. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kan ti tó. Òkè ni ṣóńṣó gèlè wà, n kò sì fẹ́ kí a gé gèlè ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Bí o bá fẹ́ gbé e lé orí nǹkan mìíràn, PNG ni kí o fi pamọ́, torí JPEG á kun ibi tó yẹ kó ṣófo. Fún fọ́tò tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 4, tí èkejì jẹ́ 6, pixel 1200 fún ti 4 àti 1800 fún ti 6 dára. Fi àyè sílẹ̀ yíká, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé fọ́tò má baà gé etí tí o ṣe wàhálà lé lórí.