Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì: A ti àbúrò mi mọ́lé torí ọtí, ni gìrì bá gbé e

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Mẹ́ta ni mo mú nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, torí ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn tó ti di bárakú ni gbogbo wọn. A máa pẹ́ díẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́, òun ló já mi láyà jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kúuṣẹ́ Mọ̀mí. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni. Ẹni ọdún 38 ni, dáńfó ló ń wà láti Múṣin sí Ọjúẹlẹ́gbà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń mu paraga, kó tó fọ ẹnu láàárọ̀ ló ti máa gbé ti àkọ́kọ́ mì, tí ò bá tíì mu ún ọwọ́ ẹ̀ ò lè di sítíà mú. Lóṣù tó kọjá àwa mọ̀lẹ́bí ní ó tó gẹ́ẹ́, a gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀, a tì í mọ́ yàrá nílé bàbá wa, ojú wíńdò la ti ń gbé oúnjẹ fún un. Alẹ́ ọjọ́ kìíní ó ń làágùn, ó ń gbọ̀n, ó ń bì, a ní ó máa lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì la gbọ́ gbì! Ká ṣílẹ̀kùn, gìrì ti gbé e, itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀, ìyá onílé ní ká ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹlòmíì ti gbé epo pupa dé. Ó sọjí, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá wa tó ti kú tipẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní èèrà ń rìn lára ògiri, ó fẹ́ fò jáde. Ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà bá sáré ra ọtí inú ọ̀rá mẹ́ta fún un, kò pẹ́ sígbà yẹn ara ẹ̀ bá wálẹ̀. Báyìí wólíì kan ní májẹ̀mú ni, ká gbé e wá sórí òkè fún ààwẹ̀ ọjọ́ 21. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká jẹ́ kó máa mu ọtí ẹ̀ lọ, ṣebí ọtí ló gbà á là. Ṣé lóòótọ́ ni téèyàn bá jáwọ́ nínú ọtí ó lè ya wèrè ni? — Ẹ̀gbọ́n tó ti sú, Múṣin

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí mi. Ẹ jẹ́ n tètè sọ eléyìí kí ẹnikẹ́ni tó tún mú kọ́kọ́rọ́: ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, mo mọ̀, àmọ́ díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ sin àbúrò yín. Kì í ṣe wárápá, kì í ṣe wèrè, mi ò dẹ̀ rí májẹ̀mú kankan níbẹ̀. Ọtí tó dá lára ẹ̀ lójijì ló ṣe gbogbo ẹ̀.

Dẹrẹ́bà ni, ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò sọ ọ́. Ọtí máa ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀, bí ìgbà téèyàn fa háńbúrékì sókè tó tún fẹ́ kí mọ́tò máa lọ. Ọpọlọ ò ní gbà, á máa tẹná sí i kó ṣáà lè máa rìn. Ó ti tẹná báyìí lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ wá já háńbúrékì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣé mọ́tò ò ní lọ kọlu ògiri ni? Gìrì yẹn àti ìgbọ̀n yẹn, iná tó ń tẹ̀ náà ni.

Ó dẹ̀ ní àkókò ẹ̀, àwa tá a ti sùn ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú wọn, aago la fi ń kà á. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn tó mu ún kẹ́yìn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó, á máa bì, oorun ò ní kùn ún. Gìrì máa ń wá láàárín wákàtí 6 sí 48. Èyí tó burú jù, tó fi ń rí òkú tó fi ń rí èèrà, tó ń ṣe ìrànrán, láti wákàtí 48 sí 96 ló sábà máa ń dé, ara á gbóná, àyà á máa lù kìkìkì, ìyẹn ń pààyàn tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ kọ sí mi yẹn, ó ṣe wẹ́kú. Orí ẹ̀ ló yọ ọ́.

Ohun tí wọ́n ń pè ní detox ò ju pé kí ọtí kúrò lára èèyàn lójú dókítà, lọ́nà tí ò ní pa á. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni ìgbà tó mu ún gbẹ̀yìn àti bó ṣe ń mu tó lóòjọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tìtorí ìtìjú sọ pé "kì í mu púpọ̀ ma", torí iye tẹ́ ẹ bá sọ ni wọ́n á fi wọn oògùn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wo ẹ̀dọ̀ ẹ̀, wọ́n á wo ṣúgà àti ìfúnpá. Wọ́n á wá fún un ní diazepam tàbí ọmọ ìyá ẹ̀, oògùn tó máa bá a di háńbúrékì yẹn mú fúngbà díẹ̀, wọ́n á máa dín in kù lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 ló máa tán. Nọ́ọ̀sì á máa wá láàárín wákàtí mélòó kan, lọ́sàn-án lóru, "ẹ na ọwọ́ yín ká wò ó bọ̀dá", bọ́wọ́ bá ṣe ń gbọ̀n sí ni oògùn á ṣe lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ìdí tí ò fi ṣeé ṣe nílé nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ra diazepam ní kẹ́mísì fún un o! Tó bá pàdé ọtí nínú ara, èémí lè dá.

Ọ̀rọ̀ dírípù náà ń dùn mí. Ní àdúgbò wa, ẹni tára ẹ̀ ò bá ti yá, dírípù ni, kẹ́mísì á so ó mọ́ ìṣó wíńdò. Ẹni tó ti fi ọtí rọ́pò oúnjẹ fọ́dún púpọ̀, fítámínì B1 ti gbẹ lára ẹ̀, tí wọ́n bá da omi oníṣúgà sí i lára láìkọ́kọ́ fún un ní B1, ọpọlọ lè bàjẹ́, ojú á máa ṣe ségesège, ẹsẹ̀ ò ní dúró, ìrántí lè má padà mọ́. Ọsibítù tó mọṣẹ́, abẹ́rẹ́ B1 ló máa ń ṣíwájú. Ẹ wá fi ààwẹ̀ ọjọ́ 21 lé orí irú ara bẹ́ẹ̀? Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, àmọ́ ẹ bá a gbà á lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ẹ̀gbọ́n yín wá jàre lápá kan o. Kó tó dé iwájú dókítà, ẹ má já ọtí gbà lẹ́nu ẹ̀ lójijì, kó máa mu ìwọ̀nba tí ò ní jẹ́ kó gbọ̀n, kì í ṣe èyí táá fi ṣubú. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yẹn ṣá, ẹ má dá a padà, ìyẹn nìkan lẹ ṣe tó pé.

Múṣin lẹ wà, LUTH ní Ìdí-Àràbà ò jìnnà sí yín rárá, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí dókítà ọpọlọ. Ọsibítù Yaba náà wà, láti 1907 ló ti wà níbẹ̀, wọ́n tún ní ẹ̀ka ní Òṣòdì tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn ti di bárakú fún. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní "Yaba Left kẹ̀, kí làwọn èèyàn máa sọ?" Kí ni wọ́n sọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń da epo sí i lẹ́nu? Tí gìrì bá tún gbé e kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí ẹ̀, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ dẹ̀ gbé e lọ sí èmájẹ́ńsì tó bá sún mọ́ yín jù.

ÌBÉÈRÈ: Mọ̀mí, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọmọ mi ẹni ọdún 22 tó ń lo tramadol àti kódíìnì ti lo ọjọ́ mẹ́wàá ní ọsibítù, ó ti dé, ojú ẹ̀ ń dán, ó ń jẹ ẹ̀bà. Mo ti ṣe sàárà. Ọ̀gá ẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà ní kó padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀? — Alájà, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Ọlọ́run á gba sàárà yín, Alájà. Àmọ́ ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ o. Ìkòkò lẹ fọ̀, ẹ ò tíì sebẹ̀. Imú tó ń dà, ara ríro, ìgbẹ́ gbuuru, yíyán lọ́tùn-ún lósì, tí gbogbo èèyàn fi ń ní ibà ni, gbogbo ìyẹn ló lọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bárakú tó wà lọ́kàn ò tíì lọ.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún àwọn ìyá kí wọ́n tó máa lọ sílé. Tẹ́lẹ̀ ó lè gbé tramadol tó pọ̀ mì kó má ṣe é ní nǹkan kan torí ara ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ara ti gbàgbé, tó bá lọ lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, èémí ẹ̀ lè máa falẹ̀ títí á fi dá. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dé látọsibítù ló léwu jù, ó ju ìgbà tí wọ́n ń jẹ̀rora lọ. Ẹ sọ ọ́ fún un lójú kojú, ẹ má fi ṣe àṣírí. Tẹ́ ẹ bá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń hanrun lọ́nà tí ò yé yín, tẹ́ ẹ jí i tí ò jí, tí ètè ẹ̀ dúdú, tí ẹyin ojú ẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ má bu omi tútù lù ú, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.

Ti Mọ́ńdè yẹn, tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, kò ní lọ. Ta ló ń tà á fún un? Ṣé kì í ṣe láàárín ṣọ́ọ̀bù yẹn àti ibi tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì? Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó síróòpù kódíìnì wọlé láti 2018, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ ẹ mọ ibi tó wà. Ẹ padà sí ọsibítù yẹn, ẹ gba ọjọ́ fún káńsẹ́lìnì, àtòun àtẹ̀yin, ẹ béèrè bóyá ibùdó wà táá ti lo oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gba síìmù tuntun fún un. Ọ̀gá Ìdúmọ̀tà á dúró, tí ò bá dúró, iṣẹ́ míì wà.

ÌBÉÈRÈ: Igbó nìkan ni mò ń fà ní tèmi ma, mo fẹ́ fi sílẹ̀. Ṣé èmi náà á sùn ní ọsibítù? Ẹ̀rù NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ń bà mí. — Bọ̀bọ́ Sùúrùlérè

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, tó bá jẹ́ igbó nìkan lóòótọ́, kì í sábà gba gbígbé bẹ́ẹ̀dì. Oorun lè má wá, oúnjẹ lè má wù ẹ́, o lè máa bínú sí gbogbo èèyàn fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á lọ. Tó bá jẹ́ kọlorádò, ìyẹn ewé tí wọ́n fi kẹ́míkà sí, lò ń pè ní igbó, tàbí ò ń fi ọtí àti tábílẹ́ẹ̀tì lé e, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, lọ rí dókítà. NDLEA ní nọ́ńbà tí wọ́n yọ torí ìmọ̀ràn àti ìrànlọ́wọ́, 080010203040, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru. Tẹ́rù bá ṣì ń bà ẹ́, ọsibítù kì í ṣe tẹ́ṣàn, gba ibẹ̀ lọ tààrà. Kó o tó lọ ṣá, kọ ọjọ́ àti aago tó o lò ó gbẹ̀yìn sínú fóònù ẹ, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹ́.