Ta ló ṣe WD-40, ṣé ó sì wúlò fún géètì tó dógùn-ún?

Ẹ bi wá pé ibo ni WD-40, epo inú agolo tí à ń fín sára irin, ti wá, àti pé ṣé ó lè ran géètì yín lọ́wọ́ ní Àgbádárìgì níbí.

Ó lè ràn án lọ́wọ́ dáadáa. San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1953, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Rocket Chemical Company. Ohun tí yóò lé omi kúrò lára irin ni wọ́n ń wá, ìgbà ogójì tí wọ́n dán an wò ló tó bọ́ sí i. Ibẹ̀ ni 40 ti wá. Ara Atlas, rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi pa. Ọdún 1958 ló dé orí àtẹ.

Àwa tí à ń gbé létí òkun mọ bí atẹ́gùn oníyọ̀ ṣe ń jẹ irin. Lọ́dún tó kọjá, kọ́kọ́rọ́ wọ inú àgádágodo mi, kò yí. Mo fín WD-40 sójú ihò rẹ̀, mo dúró díẹ̀, omi pupa bí epo ń kán jáde, ó bá ṣí. Ó ń tú bóòtù tó gan, ilẹ̀kùn tó ń ké á sì dákẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe gíríìsì, kì í pẹ́ lára irin. Tí géètì bá ti ṣí, ẹ fi gíríìsì pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in nítòsí sítóòfù, iná máa ń gbé e kíá. Ẹ má sì jẹ́ kó kan bíréèkì ọ̀kadà: kò ní mú mọ́.