Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n 48 ló gbà nínú ìṣirò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS 3. Ó ní sáyẹ́ǹsì lòun fẹ́ ṣe, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wu òun. Àmọ́ 48 ló gbà nínú ìṣirò ní sáà tó kọjá. Àbúrò ọkọ mi ní ká tètè jẹ́ kó lọ sí art, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni sáyẹ́ǹsì, pé owó la máa fi ṣòfò. Adìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta. Mi ò kàwé kọjá prámárì, mi ò lè ràn án lọ́wọ́ nínú ohun tó ń kà. Ohun tó wu ọmọ wu èmi náà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó wọ ibi tí agbára rẹ̀ ò gbé. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbójútó ọmọ o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kó lọ sí sáyẹ́ǹsì. Ìdáhùn mi nìyẹn. Ìyókù, àlàyé ni, àti ohun tí ẹ máa ṣe kí ilé ìwé tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí wọ́n máa sọ fún òbí lásìkò yìí tí wọn kì í sọ. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ SS 1 ní sáyẹ́ǹsì lè yà sí art lẹ́yìn sáà kan, kó sì lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní art, tó wá di SS 2 kó tó ní kọ̀ǹpútà lòun fẹ́, físíìsì àti kẹ́mísìrì odidi ọdún kan ti kọjá lórí rẹ̀. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rí àwọn ọmọbìnrin tó ń wá bá mi nígbà tí JAMB bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa ka Computer Science láìní físíìsì. Ọ̀pọ̀ wọn ló padà lọ jókòó fún WAEC lẹ́ẹ̀kejì.

Fún Computer Science, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì ni JAMB ń béèrè, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kẹrin tí ọmọ lè mú láàárín mélòó kan. Fún engineering, kẹ́mísìrì ni ẹ̀kẹrin yẹn. Báyọ́lọ́jì kì í ṣe dandan fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé báyọ́lọ́jì la máa ń ti àwọn ọmọbìnrin sí, bí ẹni pé nọ́ọ̀sì àti dókítà nìkan ni obìnrin tó ka sáyẹ́ǹsì lè dà.

48 wá ńkọ́? Ọmọkùnrin gba 48, a ní kò ráyè ìwé ni, bọ́ọ̀lù ló ń gbá kiri. Ọmọbìnrin gba 48, a ní orí rẹ̀ ò gbé ìṣirò. Máàkì kan náà, ìdájọ́ méjì. Nígbà tó bá sì máa fi di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́ káàkiri pé òun kì í ṣe ẹni ìṣirò.

Ẹ ní kó kó ìwé iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ wá, èyí tí tíṣà fi bírò pupa sí. Ẹ ò nílò kí ẹ mọ̀wé kí ẹ tó rí ibi tí pupa pọ̀ sí. Ẹ pe àgùnbánirọ̀ kan ládùúgbò, tàbí ọmọ ìjọ yín tó wà ní yunifásítì, kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí èmi sábà máa ń bá níbẹ̀ rèé: ọmọ ní kí òun ro ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó wá kọ 3/7. Ìdáhùn rẹ̀ ni 11/12. Ẹ̀kọ́ prámárì ló sá mọ́ ọn lọ́wọ́ níbẹ̀, tíṣà JSS 3 kò sì ní ráyè padà sẹ́yìn kọ́ ọ. Gbogbo iṣẹ́ tó bá ti ní ìdá nínú lá máa ṣubú, bó tilẹ̀ mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìdá, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo, lẹ́yìn náà kó wá kan wíwá x: ìwọ̀nyí ni kó fi ìsinmi yìí ṣe, ní wákàtí kan lójúmọ́. Bí ẹ bá máa gba tíṣà lẹ́sìnnì, ẹ gba èyí tó máa jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n kàn ń kọ ìdáhùn sójú bọ́ọ̀dù kí ọmọ dà á kọ, tí òpin oṣù á sì pé.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Bó bá ṣe ìṣirò kan tán, ẹ ní kó jókòó ti yín, kó fi Yorùbá ṣàlàyé bó ṣe dé ibẹ̀. Bí kò bá yé yín, ó ṣeé ṣe kó má tíì yé òun náà dáadáa. Ẹ má rò pé Yorùbá ò gba ìṣirò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1970 tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ prámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà lọ.

Ibi tí ẹ ti ní ẹ ò lè ràn án lọ́wọ́ yìí, mo fẹ́ bá yín jiyàn níbẹ̀. Aláró ni yín. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò elú, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí atẹ́gùn bá sì ti ń fẹ́ sí i ló ń di aró lójú yín. Ìdí ni pé aró elú kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú àti kíkan tí ìkòkò ń kan fún ọjọ́ mélòó kan ló ń yí i padà tó fi ń yòrò, tó sì ń wọ inú òwú. Bí aṣọ bá jáde, ọ́síjìn inú atẹ́gùn á dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, aró á dì sínú òwú, kò sì ní ṣeé fọ̀ jáde mọ́. Kọ́ọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite tí ọ̀pọ̀ ń lò ní Ìtòkú lónìí, iṣẹ́ tí eérú àti kíkan ń ṣe náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n kàn yá jù ú lọ ni. Oxidation àti reduction ni ìwé kẹ́mísìrì ń pe èyí. Ó wà lára ohun tó máa ń dá àwọn ọmọ wa láàmú jù, nítorí ojú bọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Ọmọ tiyín ti rí i láti kékeré, ẹnì kan ò kàn tíì sọ fún un pé òun ló rí ni.

Nítorí náà, bó bá wá sí ìsọ̀ yín, ẹ má fi mọ sí kó máa sá aṣọ. Ẹ jẹ́ kó wọn kọ́ọ́sítíìkì. Bí yáàdì márùn-ún bá gba ṣíbí mẹ́ta, mélòó ni ogún yáàdì máa gbà? Ẹ fún un ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọ́ sí: ohun tó wọ̀n, bí aró ṣe mú, ohun tó rò pé ó fà á nígbà tí kò mú. Iṣẹ́ láàbù nìyẹn, ó sì dára ju ti ilé ìwé mìíràn lọ. Kó wọ ìbọ̀wọ́ ìnọ́bà, kó jìnnà sí èéfín rẹ̀. Sódà la sì ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé sódà lórí, torí ó lè hó ta sí i lójú.

Ní ti àbúrò ọkọ yín, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í bóyá ó mọ Grace Alele-Williams, tó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, láàárín ọdún 1950 sí 1960, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní University of Chicago ní 1963, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ní irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ló di ọ̀gá àgbà yunifásítì Benin, obìnrin kankan ò sì tíì jẹ ẹ́ rí ní Nàìjíríà ṣáájú rẹ̀. Bó bá ní ìyẹn ti pẹ́, Odunayo Eweniyi ka Computer Engineering ní Covenant University, ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn yín níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó dá PiggyVest, áàpù ìfowópamọ́, sílẹ̀ ní 2016. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú ẹbí máa fowó pamọ́ síbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn olókìkí wọ̀nyí, ẹnu àbúrò ọkọ yín ni wọ́n wúlò jù láti fi dí. Ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ nílò ni ọmọbìnrin kan tó fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún jù ú lọ. Yunifásítì FUNAAB àti pólì MAPOLY wà ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà àti engineering sì wà ní méjèèjì. Ẹ bi wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, láàárín àwọn oníbàárà yín. Kó lọ fi ọjọ́ Sátidé kan jókòó tì í, kó béèrè ohun tí kò lè bi tíṣà: ṣé obìnrin pọ̀ ní kíláàsì yín, ṣé àwọn ọkùnrin kì í fi yín ṣẹ̀sín, ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́ nígbà tó le?

Ẹ má yáwó ra laptop báyìí. Fóònù yín tó fún ìbẹ̀rẹ̀: Khan Academy ń kọ́ni ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, dátà nìkan lẹ máa san. Bó bá rí kọ̀ǹpútà lò níbì kan, kó bẹ̀rẹ̀ lórí Scratch, tó ń kọ́ ọmọ ní coding, ìyẹn bí a ṣe ń kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé; ọ̀fẹ́ lòun náà, ọmọdé ni wọ́n sì ṣe é fún. Ìdíje kan tún wà fún àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Technovation. Ní 2018, ọmọ márùn-ún láti ilé ìwé Regina Pacis, Onitsha, gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí tiwọn ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú áàpù tó ń dá ayédèrú oògùn mọ̀. Ní Èkó, àjọ kan tó ń jẹ́ W.TEC máa ń ṣe ìpàgọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún àwọn ọmọbìnrin nígbà ìsinmi. Àwọn tó ń lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn máa kọ́ ọmọ ní coding lọ́sẹ̀ méjì tí wọ́n á sì fún un ní sátífíkéètì, ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe hàn yín. Ẹ tún béèrè ẹni tó máa wà nínú yàrá náà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo fẹ́ bi yín léèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bó bá dé láti ilé ìwé, ta ló ń fọ abọ́, ta ló ń pọnmi, ta ló ń ṣọ́ ìsọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú? Bí ẹ bá bí ọkùnrin, kí lòun ń ṣe lásìkò náà? Mi ò ní kọ́mọ má ṣiṣẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ṣí ìwé ìṣirò lálẹ́ nígbà tí iná ti lọ, tí oorun sì ti ń gbé e, 48 kọ́ ló yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ẹ pín iṣẹ́ náà, kí wákàtí kan tó mọ́lẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ rí pírínsípà, kí ẹ mú ìwé tó fi ṣiṣẹ́ ìsinmi dání. Ẹ béèrè máàkì tí wọ́n ń fẹ́ kí ọmọ tó wọ sáyẹ́ǹsì. Bí tirẹ̀ ò bá tó o, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní sáà kan kó fi dán an wò, kí wọ́n sì fún un ní ìdánwò ìṣirò mìíràn lójú yín bí wọ́n bá fẹ́. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ní tíṣà físíìsì tó ń wá déédéé. Bí wọn ò bá ní, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ìwé mìíràn kí SS 1 tó jìnnà.