Irú súmò wo ló lè kó omi kúrò nínú kòtò kúárì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹnjiníà wa. A ní kúárì lẹ́yìn ìlú Òṣogbo, kòtò rẹ̀ sì jìn tó mítà 25. Bí òjò bá rọ̀, pọ́ǹpù tí a gbé sí etí kòtò kì í lè fa omi náà. Wọ́n ní kí n ra súmò, ìyẹn pọ́ǹpù tí wọ́n ń rì sínú omi, tó jẹ́ alágbára ẹṣin 10 (hásípáwà 10). Ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Pọ́ǹpù yín lè má ní àbùkù kankan. Agbára afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi gòkè bí pọ́ǹpù bá ń fà á, kò sì lè gbé e kọjá nǹkan bíi mítà 10. Lójú iṣẹ́, mítà 7 ni kí ẹ fọkàn sí. Inú omi ni súmò máa ń wà ní tirẹ̀, ńṣe ló sì ń ti omi sókè.

Agbára ẹṣin kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, bí kò ṣe iye omi tí ẹ fẹ́ kó jáde láàárín wákàtí kan, àti gíga tí yóò gbé e dé, pẹ̀lú agbára tí ara páìpù yóò jẹ lọ́nà. Òjò mìlímítà 50 lórí hẹ́kítà kan lè da lítà 500,000 sínú kòtò, ìyẹn ẹrù táńkà onílítà 10,000 lọ́nà àádọ́ta. Súmò tó ń gbé lítà 50,000 ní wákàtí kan yóò fi wákàtí 10 kó o tán. Bí gbogbo gíga náà bá jẹ́ mítà 30, tí ìdá 60 nínú 100 iná tó ń jẹ sì ń di iṣẹ́, yóò jẹ nǹkan bíi kílówáàtì 7, ẹṣin 10 yóò sì gbé e. Bí ó bá jẹ́ ìdá 40 péré, iṣẹ́ kan náà yóò jẹ kílówáàtì 10, ẹṣin 10 kò ní lè ṣe é, ẹ̀yin ni ẹ ó sì máa ra dísẹ́ẹ̀lì tó ń ṣòfò. Ẹ má sì fi páìpù ínǹṣì 3 rọ́pò ti 4 nítorí owó, torí pé ohun tí yóò jẹ nínú agbára omi ju ìlọ́po mẹ́rin lọ.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń sọ sínú bóhòlù. Iyanrìn kúárì yóò jẹ etí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí abẹ felefele. Èyí tí wọ́n ṣe fún omi ẹlẹ́rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ẹ gbẹ́ ihò sí ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú kòtò, ẹ gbé súmò náà sínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ti lu lára, kí ẹ sì to òkúta yí i ká. Okùn tàbí ṣéènì ni kí ẹ fi so ó, kì í ṣe wáyà iná rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ omi náà nígbà tí iná bá wà lórí rẹ̀.

Omi tó ń jáde yẹ kó kọ́kọ́ sinmi nínú adágún kí ẹrẹ̀ rẹ̀ lè rì sísàlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ odò kéékèèké agbègbè yìí ló ń ṣàn lọ sínú odò Ọ̀ṣun. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ la gọ́tà yí etí kòtò ká, kí omi òkè má baà wọlé: ó ṣeé ṣe kí súmò tó kéré ju ẹṣin 10 lọ wá tó yín.