Redis, maxmemory àti ìdí tí ohun tí o yí padà fi ń padà sẹ́yìn

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ láti Iléṣà. O ní áàpù tí ẹ fi ń kọ gbèsè aṣọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jà Àtàkúnmọ́sà kò gba àkọsílẹ̀ tuntun mọ́, pé ohun tí Redis, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó àkọsílẹ̀ áàpù náà pamọ́ sínú RAM, ń sọ ni "OOM command not allowed when used memory > 'maxmemory'". Ìyẹn ni pé àyè tó ti lò ti ju maxmemory, òdiwọ̀n RAM tí a fún un, lọ. O fẹ́ mọ bí o ṣe máa wo iye tó wà níbẹ̀, bí o ṣe máa yí i padà láì pa sáfà, àti ìdí tó fi ń padà sí ti àtijọ́ nígbàkigbà tí iná bá lọ. O tún fẹ́ kí databases, iye yàrá àkọsílẹ̀ inú Redis, ju 16 lọ.

Wíwò rẹ̀ kò le. Wọ inú redis-cli, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Redis, kí o tẹ:

CONFIG GET maxmemory
CONFIG GET maxmemory-policy

Báìtì ló fi ń ka àkọ́kọ́, nítorí náà má jẹ́ kí ó bà ọ́ lẹ́rù bí nọ́ńbà náà bá gùn. 2147483648 ni 2gb. Bí o bá rí 0, a jẹ́ pé kò sí òdiwọ̀n kankan, ṣùgbọ́n tìrẹ kò lè jẹ́ 0 pẹ̀lú ohun tó ń sọ yẹn. Èkejì ló ń sọ ohun tí Redis máa ṣe bí àyè bá kún. INFO memory á fi èyí tí o ti lò hàn ọ́, wo ìlà used_memory_human. Láti yí i padà:

CONFIG SET maxmemory 2gb

Ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, sáfà kò ní kú. Kọ "gb", má kọ "g" nìkan, torí 2g kò tó 2gb lójú Redis.

Ìdí tó fi ń padà sẹ́yìn ni pé inú RAM nìkan ni CONFIG SET ń gbé. Kò fọwọ́ kan redis.conf, fáìlì ìṣètò Redis, rárá. Bí iná bá lọ, tí ínfátà náà sì kú, redis.conf ni sáfà máa kà nígbà tó bá tún jí, ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa tẹ̀ lé. Àṣẹ tó ń kọ ọ́ sínú fáìlì ni CONFIG REWRITE. Ó ti wà láti Redis 2.8. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn mọ̀ ọ́n, wọn kì í sọ ọ́ fún èèyàn, torí bí o bá mọ̀ ọ́n, o ò ní pè wọ́n padà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, à ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà Odò-Ògbè kó àjọ. Owó tí a bá gbà lọ́wọ́ wọn, inú Redis ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí, alẹ́ ni à ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú ìwé ìṣirò. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí gan-an ló ṣe wá. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú sáfà rán ọ̀gbẹ́ni kan sí wa. Kò béèrè ohun tó wà nínú Redis náà. Kò béèrè bóyá owó ni, tàbí ẹ̀dà ohun tó ṣì wà níbòmíì. Ó tẹ CONFIG SET maxmemory-policy allkeys-lru, àròyé Redis dákẹ́, ó ní ó ti parí, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Noeviction ló wà níbẹ̀ látilẹ̀. Bí àyè bá kún, noeviction á ní òun kò gba tuntun mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ kò ní kúrò, o ṣì lè kà á. Allkeys-lru ní tiẹ̀, á máa ju àwọn key (àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan) tó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn sọnù kí tuntun lè ráyè wọlé. Kò ní pariwo. Kò ní sọ fún áàpù rẹ. Ó dára fún ẹ̀dà ojú ìwé tí o lè tún ṣe. Lórí owó olówó, olè jíjà ni.

Àwọn ìyá tó bá dá owó ní kùtùkùtù, tí a kò tún kan àkọsílẹ̀ wọn títí di alẹ́, tiwọn ló ń lọ. Ìyá ẹlẹ́pọ kan ló kọ́kọ́ dé, ó gbé káàdì rẹ̀ kalẹ̀ níwájú mi. "Ọmọ mi, mo san án. Ọmọ yín ló fọwọ́ sí i." Ó fọwọ́ sí i lóòótọ́, mo mọ ìkọ̀wé rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan. Aláta dé tẹ̀lé e, ẹlẹ́ja dé. Ọmọ tó ń bá wa gba owó, ọmọ Modákẹ́kẹ́ tí mi ò bá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, gbogbo ọjà ń wò ó bí ẹni wo olè. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa ní Lágere, kò lè gba iwájú ìsọ̀ kankan kọjá. A ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń kà á, à ń kọ ọ́ padà, a sì fi owó wa dí èyí tí kò yé wa.

Ẹ̀rí sì wà! INFO stats ní ìlà kan tó ń jẹ́ evicted_keys, òun ló ń ka iye key tí Redis ti jù sọnù láti ìgbà tí a ti tàn án. Mo wò ó, kì í ṣe òdo. Mo pe ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni yìí wọlé láti ibi tó wà, kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti pa Redis, ó ti tún un tàn. Evicted_keys di 0. Policy náà padà sí noeviction, torí kò tẹ CONFIG REWRITE lọ́jọ́ tó yí i. Ó wá ní kí n wò ó fúnra mi, pé ta ló fọwọ́ kan nǹkan. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi títí di òní.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó pa Redis rẹ, fi èyí pamọ́:

redis-cli CONFIG GET '*' > aato.txt
redis-cli INFO > info.txt

Má fi aato.txt ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o, requirepass, ọ̀rọ̀ aṣínà Redis rẹ, wà nínú rẹ̀ gbangba. Ìwọ sì rèé, gbèsè aṣọ lo ń kọ. Bí Redis bá ju orúkọ ẹni tó jẹ ọ́ sọnù, òṣómàáló wo lo fẹ́ ṣe? Ẹnu ọ̀nà ta lo fẹ́ lọ lóṣòó sí? Fi í sí noeviction, kí o sì fi kún maxmemory.

Má fún un ní gbogbo RAM o. Nígbà tí Redis bá ń kọ dump.rdb, fáìlì tó ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, sórí dísìkì, ó máa ń bí ẹ̀dà ara rẹ̀, RAM tó ń jẹ sì lè pọ̀ gan-an bí àkọsílẹ̀ bá ń yí padà lásìkò yẹn. Bí sáfà bá ní 4GB, 2gb ni mo máa fún un.

Wọ́n á tún ní kí o tan appendonly, èyí tó ń kọ gbogbo ìyípadà sílẹ̀ sórí dísìkì. Tàn án, ó dára. Ṣùgbọ́n má lọ kọ ọ́ sínú redis.conf kí o wá pa sáfà kí o tún un tàn, torí o lè jí bá Redis tó ṣófo. CONFIG SET appendonly yes ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó lè fúnra rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Wo INFO persistence títí aof_rewrite_in_progress á fi di 0, lẹ́yìn náà kí o tẹ CONFIG REWRITE.

Bí CONFIG REWRITE bá ní kò sí fáìlì, tẹ INFO server, wo config_file. Bí ó bá ṣófo, ẹni tó tan Redis fún ọ kò fún un ní fáìlì kankan. Lórí Ubuntu, /etc/redis/redis.conf ni fáìlì náà máa ń jẹ́.

Ti databases, mo ti fẹ́ gbàgbé. CONFIG SET kò lè yí i padà. Inú redis.conf lo ti máa yí i, wàá sì tún Redis tàn. Kí o tó pa á, tẹ SAVE, kí o dúró títí yóò fi dáhùn OK.