Ìdá 83 nínú 100 tí wọ́n kà fún yín ní ìpàdé òbí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìpájà ní Èkó ni mò ń gbé, ọmọ mi obìnrin wà ní JSS3 ní ilé-ìwé ìjọba. Ní ìpàdé àwọn òbí, ọ̀gá ilé-ìwé sẹ́níọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn sọ pé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìdá 41 nínú 100 péré ló yege WAEC níbẹ̀, pé ó ti di 83 báyìí. Wọ́n ti kun ilé-ìwé náà, wọ́n sì ti ṣe géètì tuntun. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ilé-ìwé aládàáni kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo ọmọ wọn ń yege lọ́dọọdún, àfi kéèyàn san owó "special centre" tó bá ti dé SS3. Ṣé ilé-ìwé ìjọba ti dára tó kí n fi ọmọ mi síbẹ̀, àbí kí n wá owó aládàáni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀kan kúrò lọ́nà. Ẹ má fi ọmọ yín sí ilé-ìwé tó ń gba owó "special centre", ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń bá ọmọ kọ ìdánwò. Mo tún un sọ, ẹ má ṣe é. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí pé ọmọ tí kò tíì wọ SS1 máa yege, àfi ẹni tó ti mọ bí wọn yóò ṣe bá a kọ ìdánwò náà. Láti 1999 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà tó de èrú ìdánwò, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. WAEC a máa di èsì mú, a máa fagi lé e, a sì máa gba àṣẹ ìdánwò lọ́wọ́ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, owó yín ti lọ, ọdún ọmọ náà sì ti lọ. Èyí tí àṣírí rẹ̀ kò bá tú á wọ yunifásítì, kò sì ní lè ka ìwé tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́. Èmi tí mo ń yẹ ilé-ìwé wò ti rí omijé irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí wọra. Mi ò bú gbogbo aládàáni o. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ wọn bó ti yẹ wà, wọn kì í sì í dárúkọ "special centre".

Ó wá ku ìbéèrè yín gan-an. Ẹ béèrè bóyá ilé-ìwé ìjọba ti dára, ẹ sì gbé ìdá 83 kalẹ̀ bí ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró sí, nítorí pé láti ìgbà tí èsì WAEC 2025 ti jáde, irú ìbéèrè yìí ni àwọn òbí ń bi mí jù, àṣìṣe kan náà ló sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Iye ìdá tó yege kò sọ ohun tí ilé-ìwé kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tó ń sọ ni pé, nínú àwọn tí wọ́n jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò, mélòó ló rí kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ọmọ tí wọn kò jẹ́ kó jókòó kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà rárá.

Ẹ mú bébà àti bírò kí a jọ ṣe é. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe ilé-ìwé tí ẹ ń sọ. Ká ní ilé-ìwé kan ní ọmọ 300 ní SS2. Lọ́dún àkọ́kọ́, 290 nínú wọn ló ṣe WAEC, 119 sì yege. Ìdá 41 nínú 100 nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ 300 náà ló tún wà ní SS2, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fún wọn ní ìdánwò ìgbéga tó le, 160 péré ni wọ́n sì forúkọ wọn sílẹ̀. 133 yege. Ìdá 83 nínú 100 ti dé nìyẹn, àtẹ́wọ́ á sì sọ ní ìpàdé òbí. Ẹ wá fi 133 wé 119. Ọmọ 14 ló fi pọ̀ sí i. Tí ẹ bá fi 300 tó wà ní SS2 pín in, nǹkan bí 40 nínú 100 ló bọ́ sí 44. Ìlọsíwájú ni, inú mi sì dùn sí ọmọ 14 yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlọ́po méjì tí wọ́n kà síta. Àwọn 140 tó kù dà? Àwọn kan ń tún SS2 ṣe, àwọn kan ti lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn fún GCE, ìyẹn WAEC tí èèyàn ń ṣe láìsí ilé-ìwé, àwọn kan sì ti wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́ tàbí nínú ọjà. Tí ọmọ yín bá bọ́ sáàárín 140 yẹn, kí ni ìdá 83 ṣe fún un?

Mi ò sọ pé ìdánwò ìgbéga burú. Ìjọba Èkó ló ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba, owó ara ìlú sì ni, kò burú kí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ti múra sílẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n san án fún ní 2024, díẹ̀ ni àwọn tó yege fi ju ìdajì lọ. Ohun tí mo kórìíra ni kí ọ̀gá ilé-ìwé ti àwọn tó rẹ̀yìn sígbó kí ìdá lè ga, kó sì wá pe ìyẹn ní iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tó rẹ̀yìn gan-an ló nílò olùkọ́ jù.

Bí ẹ bá rò pé mò ń ṣe àṣejù, ẹ rántí oṣù kẹjọ 2025. WAEC gbé èsì gbogbo Nàìjíríà jáde, wọ́n ní ìdá 38.32 nínú 100 ló rí kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, bẹ́ẹ̀ 72.12 ló jẹ́ ní 2024. Ariwo sọ káàkiri. Wọ́n di ẹ̀bi ru olùkọ́, wọ́n di í ru òbí, wọ́n di í ru àwọn ọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí WAEC fi padà wá sọ pé àṣìṣe wáyé nínú bí kọ̀ǹpútà ṣe máàkì Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá apá tí ọmọ ti ń mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Iye náà di 62.96. Àwọn ọmọ yẹn kò ka ìwé kankan sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀ náà. Ohun tó tún yẹ kí òbí mọ̀ ni pé ọdún yẹn ni wọ́n to ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì àti Ẹkonọ́míìsì ní oríṣiríṣi, kí ọmọ méjì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn má baà lè wo ti ara wọn. Níbi tí wọ́n bá ti sé ọ̀nà ìwòkọ, iye ìdá lè já wálẹ̀ kó sì jẹ́ pé ilé-ìwé náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ilé-ìwé kan tí mo mọ̀ já láti òkè wá sílẹ̀ nítorí pé ọ̀gá tuntun lé àwọn tó ń kọ ìdáhùn sórí bọ́ọ̀dù jáde. Àwọn òbí fẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Iye ìdá WAEC tún máa ń pẹ́ kó tó dé. Àwọn tó ṣe é ní 2025 wà ní JSS1 nígbà tí kòrónà ti ilé-ìwé pa ní 2020. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn náà ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ EKOEXCEL ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 1,000, tí wọ́n fún olùkọ́ ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ẹ ro ó wò: ọmọ tó wà ní Primary 1 lọ́dún náà kò ní ṣe WAEC títí di 2031. Ẹni tó bá fi èsì WAEC ti ọdún yìí yin ètò yẹn, tàbí tó fi bú u, kò mọ ohun tó ń wọ̀n. Ibi tí a ti lè rí i ni kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí a gbé ìwé fún ọmọ, kó kà á, kó sọ ohun tó kà. UNICEF sọ pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin ní Nàìjíríà, láti ọdún 7 sí 14, ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan yé. Iye tó ń dí mi lójú oorun nìyẹn, kì í ṣe ti WAEC.

Ṣé nǹkan ti dára sí i ní Èkó? Ó ti dára sí i. Àwọn àgbà á rántí pé kí Gómìnà Jákàńdè tó dé ní 1979, àwọn ọmọ kan ń lọ lówùúrọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án, nítorí pé yàrá kò tó. Àwọn ilé tó kọ́ kò lẹ́wà, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun ló fòpin sí ti ọ̀sán. Ní 2009, Báńkì Àgbáyé yá ìpínlẹ̀ náà ní mílíọ̀nù 95 dọ́là fún ilé-ìwé girama, èyí tí a mọ̀ sí Eko Project. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé owó ń dé ọwọ́ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ nígbà náà, kí ọ̀gá àti ìgbìmọ̀ tí òbí wà nínú rẹ̀ jókòó pinnu bóyá ìwé ni wọn yóò rà tàbí ohun èlò yàrá sáyẹ́ǹsì. Ti ọ̀dà àti géètì, ó dára, ó ń dáàbò bo ọmọ. Kò kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ padà lọ bá ọ̀gá yẹn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ bi í pé nínú àwọn tó ṣe WAEC kẹ́yìn, mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ SS1, mélòó ló jókòó, mélòó ló yege ní ìjókòó kan ṣoṣo. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò sí. Ẹ béèrè iye olùkọ́ Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba gbé wá, àti iye ọmọ tó wà ní kíláàsì SS1 kan. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kó má ju 40 lọ. Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ yín, kún, ẹ lè bá iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọmọ SS2 kan ní àdúgbò, kí ẹ ní kó gbé ìwé Ìṣirò rẹ̀ wá. Ẹ wo déètì tó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sí iṣẹ́, tàbí tí olùkọ́ kàn ń fàmì sí i láìsí àtúnṣe kankan, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú ilé-ìwé náà ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà fún yín ní ìpàdé.

Èmi fúnra mi kò rí ìwé èsì wọn, mi ò sì mọ ọmọ yín, nítorí náà ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá ọ̀gá náà pé mo ní ó parọ́. Ó ṣeé ṣe kí 83 rẹ̀ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Tí ìdáhùn wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ilé-ìwé ìjọba ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kéré yín. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ilé-ìwé sẹ́níọ̀ mìíràn wà lábẹ́ Education District I, tó kó Alímọ̀ṣọ́, Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè pọ̀. Ọ́fíìsì wọn ló lè sọ bí ìyípadà ilé-ìwé ṣe ń lọ lẹ́yìn BECE, ìdánwò àṣejáde JSS3, torí ìlànà lè yí lọ́dọọdún. Ẹ tètè lọ.

Lálẹ́ òní, ẹ fún ọmọ yín ní ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, kó kà á sókè, kó sì fi Yorùbá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ má dúró de SS1 níbikíbi. Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni kí ẹ gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún un.